Lẹ́tà ṣíṣí sí ẹ̀yin oníkẹ́míìsì Ìkòròdú, lórí orí fífọ́ tí kò lọ

Sí alága, akọ̀wé àti gbogbo ọmọ ẹgbẹ́ oníkẹ́míìsì nílùú Ìkòròdú àti agbègbè rẹ̀.

Ẹ kú ọjà, ẹ kú iṣẹ́, ẹ kú ìtọ́jú gbogbo wa.

Mi ò kọ lẹ́tà yìí sí ìjọba. Ìjọba ní èyí tó kàn wọ́n, àwọn mìíràn á bá wọn sọ ọ́. Ẹ̀yin ni mo ń bá sọ̀rọ̀, torí pé nílùú yìí, kí èèyàn tó fojú kan dókítà, ó ti fojú kàn yín. Bí ara ọmọ bá gbóná lóru, ilẹ̀kùn yín là ń kàn. Bí owó ò bá sí lọ́wọ́, ẹ̀yin náà lẹ máa ń sọ pé ká máa gbé oògùn lọ ná, ká mú owó wá tó bá dọ̀la. Ohun tí mo fẹ́ bẹ̀ yín fún kò pọ̀. Bí ọ̀dọ́ kan bá padà wá ra oògùn orí fífọ́ lọ́dọ̀ yín lẹ́ẹ̀kẹta láàárín oṣù kan, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má kàn gbé oògùn lé e lọ́wọ́. Ẹ bi í léèrè ọ̀rọ̀ mẹ́ta, kí ẹ sì ní kó lọ síbi tí wọ́n ti ń wo ojú, kí wọ́n bá a wo ẹ̀yìn ẹyinjú rẹ̀. Ẹ jẹ́ kí n sọ ìdí tí mo fi ń bẹ̀bẹ̀.

Àbúrò mi ọkùnrin, iṣẹ́ wáyà iná ló kọ́. Kò tíì pé ọmọ ọdún 25 nígbà tí ọ̀rọ̀ yìí bẹ̀rẹ̀. Àwọn ilé tuntun tí wọ́n ń kọ́ lọ́nà Ìjẹ̀dẹ́ ló ti ń rí iṣẹ́ ṣe, orí àkàbà ló máa ń wà láti àárọ̀ dìrọ̀lẹ́. Tó bá di ọjọ́ Àìkú, orí pápá bọ́ọ̀lù lẹ ó ti bá a. Ọmọ tí kì í ṣàìsàn ni. Lẹ́yìn ọdún Iléyá ló bẹ̀rẹ̀ sí í sọ pé orí ń fọ́ òun. Ta lorí ò fọ́ rí? Wọ́n ní oòrùn ló ń pa á, wọ́n ní kì í jẹun lásìkò, wọ́n ní fóònù kì í jẹ́ kó tètè sùn. Gbogbo rẹ̀ ló bá ojú mu.

Àmọ́ orí fífọ́ yẹn ní ìwà tirẹ̀. Kì í ṣe ìrọ̀lẹ́ tó bá ti ibi iṣẹ́ dé ló ń fọ́ ọ. Ìdájí ni. Kó tó gbé orí kúrò lórí ìrọ̀rí, orí náà á ti máa lù ú kì, kì, kì. Bí oòrùn bá fi máa ta, á ti rọlẹ̀, á dìde, á gbé báàgì rẹ̀, á lọ síbi iṣẹ́, àwọn tó bá rí i lọ́hùn-ún á ní ara rẹ̀ ti yá. Nígbà tó ṣe, èébì dara pọ̀ mọ́ ọn. Inú kò run ún, kò jẹ ohun tó lè dà á nínú rú sùn. Á kàn ṣàdédé bì, tó bá sì bì tán, orí á fúyẹ́ fún un díẹ̀. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ fi èyí sọ́kàn, torí inú rẹ̀ ni gbogbo ọ̀rọ̀ wà: orí tó ń fọ́ jù nígbà téèyàn bá jí, èébì tí kò bá inú rírun rìn, àti ìtura tó ń tẹ̀lé èébì.

Ó lọ síbi àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀. Wọ́n fún un ní ìwé pélébé kan tí wọ́n fi báírò kọ ibà sí, pẹ̀lú àmì ìròpọ̀ méjì níwájú rẹ̀, àti táífọ́ọ̀dù pẹ̀lú 1/160. Ẹ̀yin náà mọ irú ìwé yẹn dáadáa. Ẹ sì mọ̀ pé bí wọ́n bá fa ẹ̀jẹ̀ ọ̀pọ̀ ẹni tára rẹ̀ le koko ní Sábó tàbí ní Gáréèjì, irú àbájáde bẹ́ẹ̀ lè jáde. Àyẹ̀wò Widal, ìyẹn àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ tí wọ́n fi ń wá táífọ́ọ̀dù, ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo kò tó láti sọ pé táífọ́ọ̀dù ló ń ṣe èèyàn níbi tí àrùn náà ti wọ́pọ̀ báyìí, torí ẹni tó ti ní in rí, tàbí tó ti gba abẹ́rẹ́ àjẹsára rẹ̀, ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ lè máa sọ ọ́ títí. Wọ́n fún un lóògùn ibà, wọ́n gún un lábẹ́rẹ́ táífọ́ọ̀dù, wọ́n fa omi sí i lára. Orí kò yé fọ́.

Ibi tí ọ̀rọ̀ ti kàn yín nìyí. Láàárín gbogbo àkókò yẹn, ó rí nọ́ọ̀sì níbì kan, ó rí dókítà níbòmíràn, ó tún rí dókítà mìíràn nígbà tí ọ̀gá rẹ̀ gbé e lọ síbi tí òun ń lò. Lójú ẹnì kọ̀ọ̀kan wọn, orí fífọ́ tuntun ni, torí ìgbà àkọ́kọ́ tí wọ́n ń rí ọmọ náà nìyẹn. Ẹnì kan ṣoṣo ló ń rí i láti ìbẹ̀rẹ̀: oníkẹ́míìsì àdúgbò wa. Èèyàn rere ni, ó ń pe ọmọ náà lórúkọ, ó ń tà á láwìn. Tó bá ti rí i lókèèrè, á ti nawọ́ sí pẹpẹ kó tó dé ibẹ̀. Lọ́jọ́ kan mo ń wá bátìrì nínú báàgì irinṣẹ́ àbúrò mi, ni mo bá rí i pé láàárín pílíà àti tẹ́sítà àti téèpù dúdú, ike oògùn tí wọ́n ti fún gbogbo hóró inú rẹ̀ tán ló kún ìsàlẹ̀ báàgì náà. Paracetamol ló pọ̀ jù, àwọn kan sì wà tí mi ò mọ orúkọ wọn, tí wọ́n dì sínú ọ̀rá kékeré, funfun, pupa àti àwọ̀ ọsàn pọ̀. Kò sí dókítà tó rí báàgì yẹn. Oníkẹ́míìsì ni gbogbo rẹ̀ gba ọwọ́ rẹ̀ kọjá.

Ìdí tí mo fi ń sọ pé ẹ̀yin lẹ kọ́kọ́ ń rí wa nìyẹn. Dókítà tó ń ṣiṣẹ́ abẹ ọpọlọ ló kẹ́yìn nínú àwọn tó mọ̀. Ẹni tó ní ìwé ìtàn àìsàn náà lọ́wọ́ láìkọ ọ́ sílẹ̀ ni ẹni tó ń ta oògùn.

Ojú ló gbà wá. Àbúrò mi bẹ̀rẹ̀ sí í sọ pé bí òun bá bẹ̀rẹ̀ mú nǹkan nílẹ̀, ojú òun á ṣókùnkùn fún ìṣẹ́jú àáyá díẹ̀, á tún là padà. Ó ní bóyá gíláàsì lòun nílò. Mo bá a lọ síbi tí wọ́n ti ń wo ojú. Obìnrin tó dá wa lóhùn níbẹ̀ kò dàgbà púpọ̀. Ó ní kó ka lẹ́tà ara ògiri, ó kà á dé ibi tó lè kà dé. Lẹ́yìn náà ó pa iná yàrá, ó mú ẹ̀rọ kékeré kan tí kò ju ọwọ́ lọ, tó ní iná àti gíláàsì, ó gbé e sójú ara rẹ̀, ó sún mọ́ àbúrò mi débi pé imú àwọn méjèèjì fẹ́rẹ̀ẹ́ kanra. Ó wo ọ̀tún, ó wo òsì, ó tún padà sí ọ̀tún. Kò sọ nǹkan kan. Nígbà tó tan iná, èmi ló kọjú sí.

Ó ní, “Ẹ̀gbọ́n, ẹ jọ̀ọ́, ẹ sún mọ́bí. Ṣé orí máa ń fọ́ wọn láàárọ̀?”

Mo ní bẹ́ẹ̀ ni.

“Ṣé wọ́n ń bì?”

Mo ní bẹ́ẹ̀ ni, mo wá ń wò ó pé ta ló sọ fún un.

Ó ní, “Ẹ má ra gíláàsì o. Ẹ̀yìn ojú wọn ti wú, méjèèjì. Kì í ṣe ojú ló ń ṣe wọ́n, nǹkan ń ti ọpọlọ wọn látinú. Mo máa kọ lẹ́tà fún yín báyìí, ẹ má jẹ́ kó dọ̀la.”

Ará Jámánì kan tó ń jẹ́ Hermann von Helmholtz ló gbé irú ẹ̀rọ tó fi wò ó yẹn jáde ní 1851. Kì í ṣe ohun tuntun, kò nílò jẹnẹrétọ̀, kò nílò íntánẹ́ẹ̀tì. Iṣan tó so ẹyinjú mọ́ ọpọlọ ló ń fi hàn, ibi tó ti wọnú ojú. Tí nǹkan bá ń ti ọpọlọ, ibẹ̀ á wú, ẹni tó bá mọ̀ ọ́n wò á rí i ní ìṣẹ́jú díẹ̀. Gbogbo owó tí ọmọ yẹn ná sórí ìgò omi àti abẹ́rẹ́, kò sí èyí tó sọ fún wa ohun tí iná kékeré yẹn sọ.

Ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé bí orí ṣe ń fọ́ báyẹn, bí dókítà ṣe yà á sórí ìwé fún mi. Nínú ọpọlọ gbogbo wa, àwọn yàrá kékeré kan wà tí omi mímọ́ gaara kún inú wọn. Lójoojúmọ́, ọpọlọ àgbàlagbà ń ṣe omi yìí tó ìwọ̀n 500 milílítà, ìyẹn ọ̀rá píọ́wọ́tà kan gbáko. Àmọ́ gbogbo ààyè tó wà fún un nínú orí àti nínú ọ̀pá ẹ̀yìn kò gbà ju nǹkan bíi 150 milílítà lọ lẹ́ẹ̀kan. Nítorí náà, bó ṣe ń jáde ló gbọ́dọ̀ máa ṣàn lọ, kí ara máa fà á padà sínú ẹ̀jẹ̀. Ẹnu ọ̀nà tó ń gbà jáde nínú àwọn yàrá òkè kò fẹ̀ rárá. Tí ohun kan bá hù sẹ́nu ọ̀nà yẹn, omi ò ní dáwọ́ ṣíṣe dúró. Yàrá á máa fẹ̀, ọpọlọ á máa há mọ́ eegun orí. Téèyàn bá sùn gbalaja lóru, títì náà á le sí i. Ìdí nìyẹn tó fi jẹ́ pé ìdájí lorí ń fọ́, tó sì ń rọ̀ tí onítọ̀hún bá dìde dúró fún ìgbà díẹ̀.

A gba ọ̀nà Mile 12 lọ pẹ̀lú lẹ́tà yẹn, ọ̀rá dúdú lọ́wọ́ rẹ̀ nítorí èébì. Mi ò ní sọ̀rọ̀ gọ́ọ̀slóò, ẹ̀yin náà ń gba ibẹ̀. Nílé ìwòsàn ńlá, wọ́n ṣe CT scan fún un, ìyẹn ẹ̀rọ tó ń ya àwòrán inú orí. Ẹ̀rọ yìí, London ni wọ́n ti kọ́kọ́ fi wo orí aláìsàn, ní ọjọ́ kìíní oṣù kẹwàá 1971, ọjọ́ tí àwa níbí ń ṣe àjọ̀dún òmìnira. Obìnrin kan tí wọ́n fura pé kókó wà nínú ọpọlọ rẹ̀ ni wọ́n gbé sínú rẹ̀, wọ́n sì rí kókó náà. Godfrey Hounsfield tó ṣe ẹ̀rọ náà gba ẹ̀bùn Nobel ní 1979, òun àti Allan Cormack. Wọ́n rí kókó nínú orí àbúrò mi náà, láàárín gbùngbùn, nínú yàrá omi, ó fara ti ògiri tín-ín-rín tó pín yàrá ọ̀tún àti ti òsì níyà, kálísíọ́ọ̀mù tò wíńníwíńní funfun sára rẹ̀. Omi ti kún yàrá méjèèjì dé ẹnu.

Wọ́n ṣe MRI, ẹ̀rọ mìíràn tó ń ya àwòrán inú ara, wọ́n fi rọ́bà tẹ́ẹ́rẹ́ fa omi náà kí títì yẹn lè dín kù, lẹ́yìn náà wọ́n ṣiṣẹ́ abẹ. Nígbà tí ọ̀rọ̀ iṣẹ́ abẹ jáde, ilé wa dàrú. Àwọn kan ní ẹni tí wọ́n bá ti la orí rẹ̀, ó tán. Àwọn kan ní ogun ìdílé ni, ká gbé e lọ sórí òkè. Àdúrà wà lẹ́nu wa, kò sì kúrò níbẹ̀ títí di òní, àmọ́ mo bi wọ́n pé ṣé àná ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í ṣiṣẹ́ abẹ ọpọlọ nílẹ̀ Yorùbá ni? Láti 1962 ni Látúndé Ọdẹ́kù, ọmọ Awẹ́, ti ti Amẹ́ríkà dé sí ilé ìwòsàn UCH Ìbàdàn tó ń ṣe é. Àwọn tó kọ́ níṣẹ́, àti àwọn tí àwọn yẹn náà kọ́, wà kiri orílẹ̀-èdè yìí lónìí.

Lẹ́yìn iṣẹ́ abẹ, ohun tí kò yé mi ni pé a ṣì ń dúró. Mo rò pé wọ́n á kàn wo kókó náà, wọ́n á sì sọ orúkọ rẹ̀. Wọ́n ní àyẹ̀wò àkọ́kọ́ fi hàn pé àwọn ẹyọ sẹ́ẹ̀lì inú rẹ̀ rí róbóróbó, ààyè funfun yí ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn ká, àti pé, ó kéré tán, irú kókó méjì ló máa ń rí bẹ́ẹ̀ lábẹ́ máíkíròsíkóòpù. Ọ̀kan ń jẹ́ oligodendroglioma, ìyẹn máa ń wọ inú ẹran ọpọlọ lọ, ó sì sábà máa ń gba ìtọ́jú iná ìtànṣán àti oògùn jẹjẹrẹ lẹ́yìn iṣẹ́ abẹ. Èkejì ń jẹ́ central neurocytoma. Ìyẹn kì í sáré dàgbà, tí wọ́n bá sì rí i yọ tán, ọ̀pọ̀ ẹni tó ní in kì í nílò ohun mìíràn ju kí wọ́n máa yà wọ́n wò lóòrèkóòrè. Wọ́n nílò àyẹ̀wò aláwọ̀ kan tó ń wá èròjà tí wọ́n ń pè ní synaptophysin kí wọ́n tó lè yà wọ́n sọ́tọ̀. A san owó rẹ̀, a dúró. Ìdúró yẹn le ju iṣẹ́ abẹ lọ fún mi, torí pé ojú máíkíròsíkóòpù kan náà ló ń fi ọ̀nà ayé méjì tó yàtọ̀ hàn fún ọmọ ìyá mi.

Central neurocytoma ni. Kò tó ẹyọ kan nínú 100 kókó inú ọpọlọ tó ń jẹ́ bẹ́ẹ̀. Àwọn ọ̀dọ́ ló ń mú jù, láàárín ọdún 20 sí 40. Ní 1982 ni Jacques Hassoun àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Marseille nílẹ̀ Faransé tó kọ́kọ́ sọ ọ́ lórúkọ, lára aláìsàn méjì péré. Ẹ wò ó, ohun tí àwọn dókítà àgbáyé gan-an kò fún lórúkọ títí di 1982, mi ò lè retí kí ẹnikẹ́ni nínú yín mọ̀ ọ́n. Mi ò ní kí ẹ mọ orúkọ rẹ̀. Ẹ ò nílò orúkọ. Bóyá central neurocytoma ni o, bóyá kókó mìíràn ni, bóyá kì í ṣe kókó rárá, tí omi bá há sínú orí, ohun kan náà ló máa ń sọ fún ẹni tó bá béèrè: orí òwúrọ̀, èébì, ojú tó ń ṣókùnkùn.

Àbúrò mi wà láàyè. Ó ń jẹun, ó ń rẹ́rìn-ín, wọ́n yọ kókó náà tán. Àmọ́ iṣan ojú rẹ̀ ti wú pẹ́ jù kí wọ́n tó rí i. Ojú ọ̀tún kò padà sí bó ṣe wà, ti òsì gan-an kò mọ́ bíi tàtẹ̀yìnwá. Àwọ̀ ló kọ́kọ́ bá a lọ. Ẹ ronú oníwáyà iná tí kò lè dá wáyà pupa mọ̀ yàtọ̀ sí búráùn lábẹ́ òrùlé tó ṣú díẹ̀. Ó máa ń gbé méjèèjì lọ sójú fèrèsé, á dì wọ́n mú síwájú ojú òsì, á yí wọn síhìn-ín yí wọn sọ́hùn-ún, á wá pe ọmọ iṣẹ́ kó wá sọ fún òun. Dókítà kò fi bò fún wa: ká ní wọ́n wo ẹ̀yìn ojú yẹn ní oṣù àkọ́kọ́, ojú náà ì bá wà. Ìdí tí mo fi ń kọ̀wé sí yín nìyí, kì í ṣe nítorí kókó tó ṣọ̀wọ́n.

Ẹ jẹ́ kí n wá sọ ohun tí mo ń béèrè gan-an.

Mo mọ̀ pé orí fífọ́ tó pọ̀ jù lọ kì í ṣe kókó, kò sì yẹ kí ẹ máa já àwọn èèyàn láyà. Ẹni tó wá lẹ́ẹ̀kan, tẹ́ ẹ tà fún, tí kò padà wá, kò sí ọ̀rọ̀. Ẹni tó ń padà wá ni mò ń sọ. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ ra ìwé kékeré kan tí ẹ ó máa fi sábẹ́ káńtà. Bí ọ̀dọ́ bá ra oògùn orí fífọ́, ẹ kọ orúkọ rẹ̀ àti ọjọ́. Kò gbà ju ìlà kan lọ. Tí ìlà rẹ̀ bá di mẹ́ta lóṣù kan, ẹ bi í pé ìgbà wo lorí náà ń fọ́ ọ jù, ṣé kó tó dìde nílẹ̀ ni àbí ìrọ̀lẹ́. Ẹ bi í pé ṣé ó ń bì láìjẹ́ pé inú ń run ún. Ẹ bi í pé ojú rẹ̀ ńkọ́, ṣé ó ń ṣókùnkùn tó bá bẹ̀rẹ̀, àbí ó ń rí nǹkan kan ní méjì. Tó bá dáhùn bẹ́ẹ̀ ni sí ẹyọ kan ṣoṣo, ẹ ní kó lọ síbi tí wọ́n ti ń wo ojú, kó sọ fún wọn pé ẹ̀yìn ojú lòun fẹ́ kí wọ́n wò, kì í ṣe gíláàsì. Ọ̀rọ̀ yẹn ṣe kókó, torí pé bó bá kàn sọ pé ojú ń dun òun, wọ́n lè fún un ní gíláàsì kó máa lọ.

Àwọn kan wà tí kò yẹ kí ẹ dúró de ìlà kẹta fún. Àgbàlagbà tí gìrì ṣàdédé gbé láìṣe bẹ́ẹ̀ rí, ẹni tí apá tàbí ẹsẹ̀ kan rẹ̀ ń rọ, ẹni tó ń ta gọ̀ọ́gọ̀ọ́ láìmutí, ẹni tí orí ń fọ́ tí ara rẹ̀ gbóná tí ọrùn rẹ̀ sì gan. Ilé ìwòsàn ni kí wọ́n gbé wọn lọ lójú ẹsẹ̀.

Ọ̀rọ̀ oògùn àpòpọ̀ tún wà, mo sì fẹ́ sọ ọ́ láìfi bò, torí ó dùn mí. Àwọn kan nínú yín ń fi dexamethasone tàbí prednisolone, oògùn tó ń mú wíwú lọ sílẹ̀, sínú ọ̀rá kékeré yẹn kó lè tètè ṣiṣẹ́. Ó ń ṣiṣẹ́ lóòótọ́. Dexamethasone yẹn gan-an ni àwọn dókítà ọpọlọ ń lò láti mú wíwú tí kókó ń fà nínú orí lọ sílẹ̀. Nítorí náà, tí kókó bá wà níbẹ̀, ara aláìsàn á yá fún ọjọ́ mélòó kan, á máa yìn yín, ohun tó wà nínú orí rẹ̀ á sì máa bá iṣẹ́ rẹ̀ lọ. Ọ̀sẹ̀ tí àbúrò mi gba ọ̀rá aláwọ̀ mẹ́ta yẹn, ó gbá bọ́ọ̀lù. Gbogbo wa ń dúpẹ́. Mi ò mọ ohun tó wà nínú ọ̀rá náà dájú títí dòní, ẹni tó bá sì ń ta oògùn tí ẹni tó ń lò ó kò lè sọ orúkọ rẹ̀ fún dókítà, ó ti di dókítà náà lójú.

Paracetamol náà ní ìwọ̀n. Hóró 8 oní-500 mílígíráàmù ni òpin rẹ̀ fún àgbàlagbà láàárín wákàtí 24. Ẹni tó bá sì ń lò ó fún ọjọ́ 15 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ lóṣù kan, tó ṣe bẹ́ẹ̀ ju oṣù 3 lọ, oògùn náà fúnra rẹ̀ lè máa dá orí fífọ́ sílẹ̀. Bó bá jẹ́ tìyẹn náà ni, ìwé abẹ́ káńtà yẹn ló máa tú u fó. Ní ti ibà, láti 2010 ni WHO, àjọ ìlera àgbáyé, ti sọ pé ká ṣàyẹ̀wò kí á tó fúnni lóògùn ibà. Ike àyẹ̀wò kékeré tí wọ́n ń fi ẹ̀jẹ̀ ìka ṣe wà lórí pẹpẹ ọ̀pọ̀ nínú yín. Tí àyẹ̀wò bá ní kò sí ibà, ẹ jẹ́ kó jẹ́ pé kò sí ibà, kí a lè wá ohun tó wà.

Mo mọ̀ pé ọjà ni. Mo mọ̀ pé ẹ ń san owó ṣọ́ọ̀bù, ẹ ń bọ́ ọmọ, ẹni tí ẹ bá sì lé lọ lè ré kọjá sí ṣọ́ọ̀bù kejì kó ra ohun kan náà. Ìdí nìyẹn tó fi jẹ́ ẹgbẹ́ ni mo kọ lẹ́tà sí, kì í ṣe ẹnì kọ̀ọ̀kan. Tí gbogbo ṣọ́ọ̀bù bá ń béèrè ọ̀rọ̀ mẹ́ta kan náà, kò sí ibi tí ọmọ náà máa sá gbà. Mo sì mọ̀ pé ẹni tí oníkẹ́míìsì sọ òótọ́ fún kì í gbàgbé ọ̀nà ṣọ́ọ̀bù rẹ̀. Ẹ béèrè lọ́wọ́ àwọn ará àdúgbò wa bóyá mo pa á mọ́ sínú, nígbà tí mò ń sọ orúkọ obìnrin olójú yẹn kiri.

Olùkọ́ ni mí, kíkọ nǹkan sára ògiri kò ṣòro fún mi. Mo ti fi lẹ́tà gàdàgbà gàdàgbà kọ àwọn ìbéèrè mẹ́ta náà sórí káàdìbọ́ọ̀dù, lédè Yorùbá, kí èyí tó bá mọ̀ ọ́n kà nínú àwọn oníbàárà yín lè kà á fúnra rẹ̀ níwájú káńtà. Mo ń tọrọ ààyè díẹ̀ níbi ìpàdé oṣù yín láti wá pín in fún ṣọ́ọ̀bù kọ̀ọ̀kan lọ́fẹ̀ẹ́. Àbúrò mi ti ní òun máa bá mi wá. Ó fẹ́ fẹnu ara rẹ̀ sọ bí orí náà ṣe ń ṣe é, àárọ̀ wo ló bẹ̀rẹ̀, àti ohun tó rà ní ọjọ́ kọ̀ọ̀kan tó bá lè rántí. Alága, ẹ jọ̀ọ́, ẹ dá ọjọ́ fún wa. Ọwọ́ ọ̀sán ni kẹ́ ẹ fi sí tó bá ṣeé ṣe, torí ojú rẹ̀ kì í fẹ́ ọ̀nà alẹ́ mọ́.

Èmi ni tiyín nítòótọ́,
ẹ̀gbọ́n oníwáyà iná kan,
Ìgbògbò, Ìkòròdú.